Géèmù Dòremí tí àbúrò mi fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe nígbà tó ń retí yunifásítì: mo ti gbá a fún oṣù méjì, ẹ wá gbọ́

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó má di pé mo fi pamọ́: àbúrò mi ló ṣe géèmù yìí o, ọmọ ìyá mi, ọmọ ọdún 17, inú yàrá kan náà la jọ ń sùn ní Kubwa, ní Abuja níbí. Tí ẹ bá rò pé torí ẹ̀ ni mo ṣe ń yìn ín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á dópin, torí àwọn ibi tí kò tíì dáa wà níbẹ̀, mo máa sọ wọ́n, mo sì ti sọ wọ́n lójú ẹ̀ kí n tó gbé e síta. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni, mi ò ní parọ́.

Dòremí lorúkọ ẹ̀. Inú búráúsà lèèyàn ti ń gbá a, ẹ ò dáńlóòdù nǹkan kan, ẹ kàn máa tẹ líǹkì ni, ojú ewé kan á ṣí, àpótí márùn-ún ní ìlà kan, ìlà méje. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ti wà níbì kan tí ẹ ò rí, lẹ́tà márùn-ún, ẹ̀ẹ̀meje lẹ lè gbìyànjú láti mọ̀ ọ́n. Tí lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ bá wà nínú ẹ̀ tó sì jókòó sáyè ẹ̀, àpótí á di gíríìnì. Tó bá wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe àyè ẹ̀ nìyẹn, yẹ́lò. Tí kò bá sí rárá, àwọ̀ eérú. Láàárín òru, ọ̀rọ̀ míì á dé. Ọ̀kan lójúmọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ bá bẹ̀ ẹ́ títí kò ní fún yín ní ìkejì.

Ẹni tó bá ti gbá Wordle, géèmù ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí á ti máa sọ pé òun mọ èyí. Òótọ́ ni, ibẹ̀ ló ti wá. Josh Wardle ló ṣe Wordle, obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé ló ṣe é fún, ó gbé e síta fún gbogbo ayé ní October 2021, ní November 1 èèyàn 90 péré ló gbá a, kó tó di ìbẹ̀rẹ̀ January 2022 wọ́n ti lé ní 300,000, oṣù yẹn náà ni New York Times rà á lọ́wọ́ ẹ̀. Àbúrò mi mọ ìtàn yìí bí ẹni mọ oríkì ilé wọn. Ó kọ 90 sára ògiri lẹ́bàá ibùsùn wa pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ, ó ní iye tí òun kọ́kọ́ ń wá nìyẹn.

Ohun tí Dòremí ní tí ti òyìnbó ò ní ni àmì ohùn. Lábẹ́ àpótí tí fáwẹ̀lì bá wà, ìlà tín-ín-rín kan wà níbẹ̀. Tí lẹ́tà bá tọ̀nà tí àmì orí ẹ̀ ò sì tọ̀nà, àpótí á di gíríìnì lóòótọ́ ṣùgbọ́n ìlà yẹn á pọ́n. Ẹ ò tíì jẹ nìyẹn. Ọjọ́ kẹrin tí mo bẹ̀rẹ̀, mo tẹ ọlọ́kọ, àpótí márààrún di gíríìnì, mo ti fò sókè nínú ṣọ́ọ̀bù, mo ti ń pariwo, ìgbà tí mo máa wò ó dáadáa, ìlà pupa kan wà lábẹ́ èyí tó kẹ́yìn. Mo rò ó, mo rò ó. Ọlọ́kọ̀ ni. Ẹni tó ní ọkọ̀, kì í ṣe ẹni tó ní ọkọ. Ọlọ́kọ́ náà ṣì tún wà ńlẹ̀, ti ẹni tó ní ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko. Lẹ́tà márùn-ún kan náà, èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára torí nǹkan tó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Aṣọ ni mò ń rán. Oníbàárà mi kan tẹ mẹ́sééjì sí mi lọ́dún tó kọjá pé "e ba mi ran aso oko mi", èmi dá a lóhùn pé kí wọ́n mú bàbá wá kí n wọ̀n wọ́n. Kò fèsì fún odidi ọjọ́ méjì. Aṣọ ọkọ̀ ló ń sọ, aṣọ tí wọ́n fi ń bo ìjókòó mọ́tò, ọkọ ẹ̀ sì ti kú, mi ò mọ̀. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Ó gbà á, ó ní kò sí nǹkan níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí ojú ẹ̀. Látìgbà tí mo ti ní fóònù ni mo ti ń tẹ Yorùbá láì fi àmì kankan sí i, gbogbo wa là ń ṣe é, a ní ẹni tó máa kà á á mọ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń mọ̀ o.

Ọ̀rọ̀ JAMB, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì, ló bí géèmù náà. Ẹni tí kò bá tíì ní ọmọ JAMB nílé ò lè mọ ohun tí mò ń sọ. Látọjọ́ tó ti fi NIN ẹ̀ ránṣẹ́ sí 55019 tí profile code tí wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀ wọlé, ara ẹ̀ ò balẹ̀ mọ́, á jí láago mẹ́ta òru á ní fóònù òun dún, fóònù ò dún. Ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì, 60 ti Gẹ̀ẹ́sì, 40-40 ti iṣẹ́ mẹ́ta yòókù. Ó ti pín in, ó ní ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìkọ̀ọ̀kan, ó wá ń fi aago ka gbogbo nǹkan tó bá ń ṣe, ó ń bu ẹ̀bà ó ń kà, ó ń lọ aṣọ ó ń kà. Mo bá a wí títí. Nígbà tó yá mo kàn ń dákẹ́, mo ń bá a pọnmi.

Ìbéèrè gan-an kọ́ ló ń bà á lẹ́rù jù, máòsì ni. Láptọ́ọ̀pù mi tó fi ń kọ́ṣẹ́ ò ní máòsì, ọwọ́ ẹ̀ máa ń gbọ̀n tó bá di ká tẹ nǹkan kékeré lójú síkíríìnì. Ìgbà tí wọ́n wá sọ fún un pé kíbọ́ọ̀dù nìkan tó, bọ́tìnì mẹ́jọ péré, A B C D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi sílẹ̀, R tó bá fẹ́ yí i padà, ẹ ẹ́ rí i bó ṣe mí kanlẹ̀. Ẹ fi bọ́tìnì mẹ́jọ yẹn sọ́kàn, mo ṣì ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Bwari ni wọ́n gbé ìdánwò ẹ̀ sí, ibẹ̀ náà sì ni olú ilé iṣẹ́ JAMB wà, a ti jáde nílé láago márùn-ún àárọ̀, kẹ̀kẹ́ gba Dutse Alhaji kọjá nínú òkùnkùn, kò bá mi sọ̀rọ̀ kan. Ó wọlé, èmi jókòó síta lábẹ́ igi pẹ̀lú àwọn òbí yòókù. Ìyá kan ń fa tẹ̀sùbáà, ìyá míì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́lẹ̀, wọ́n jọ pín omi inú ọ̀rá kan mu. Ìgbà tó jáde ó ní òun ò fọwọ́ kan máòsì rárá.

Máàkì ẹ̀ dáa. Ó ṣe post-UTME, ìdánwò tí yunifásítì fúnra ẹ̀ ń ṣe, ìyẹn náà lọ. Àsìkò tí wọ́n ní ká máa retí ló wá le jù. Ẹ mọ CAPS, ibi tí JAMB ti ń fi hàn bóyá wọ́n ti mú ọmọ tàbí wọn ò tíì mú un? Ó ń ṣí i bí ẹni ń ṣí ìkòkò ẹ̀wà tí kò tíì jinná, á ṣí, á pa á dé, á tún ṣí. Dátà tí mo rà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ mẹ́ta. Kò jẹun dáadáa mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kan ti wọlé, wọ́n ti gbé e sórí status, á wò ó, á sọ fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo wá sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ kan pé kó wá nǹkan tí ọwọ́ ẹ̀ á máa ṣe, ohunkóhun, kó má ti jẹ́ CAPS. Ó ti ń wo fídíò HTML àti JavaScript, èdè tí wọ́n fi ń ṣe ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, tẹ́lẹ̀ kí JAMB tó gba gbogbo ayé ẹ̀. Ó jí lọ́jọ́ kejì, ó ní àǹtí mi, mo fẹ́ ṣe Wordle ti Yorùbá. Mo ní ṣe é. Mi ò mọ nǹkan tí mo ń sọ, mo ṣáà fẹ́ kó jẹun ni.

Láptọ́ọ̀pù yẹn, bátìrì ẹ̀ ti kú, tí iná bá lọ òun náà á kú, nítorí náà òru ló máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá dúró díẹ̀. Ibi tó ti há jù ni kíkà, mo rántí alẹ́ yẹn dáadáa. Ó ti kọ ọ́ kí kọ̀ǹpútà máa ka lẹ́tà, ó tẹ ẹ̀gbọ́n sí i láti fi dán an wò, kọ̀ǹpútà ní méje. Ó jí mi. Èmi náà kà á lójú oorun: ẹ̀, gb, ọ́, n. Mẹ́rin ni. Kọ̀ǹpútà ní méje. Ó fẹ́ẹ̀ sunkún.

Ohun tó rí lẹ́yìn tó ti kàwé káàkiri ni pé à ní nọ́ńbà tiẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ẹ náà ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ tó ní àmì lókè tó tún ní ti ìsàlẹ̀ ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dá ní, ńṣe ni wọ́n to méjì pọ̀, ẹ níwájú, àmì dò lẹ́yìn ẹ̀, kọ̀ǹpútà sì ń ka méjèèjì. g àti b náà, méjì ló kà wọ́n, kò mọ̀ pé lẹ́tà kan ni gb lọ́dọ̀ wa. Méjì, ọ̀kan, ọ̀kan, méjì, ọ̀kan: méje pé. Èyí tó tún wá burú ju ìyẹn lọ, fóònù kan lè fi ẹ ránṣẹ́ bíi nǹkan kan ṣoṣo, fóònù míì á fi e ránṣẹ́ lọ́tọ̀, á fi àmì ìsàlẹ̀ ránṣẹ́ lọ́tọ̀. Lójú èmi àti ẹ̀yin ọ̀kan náà ni wọ́n, lójú kọ̀ǹpútà wọn ò mọra rí. Ìdí nìyẹn tí èmi fi máa ń tẹ ìdáhùn tó tọ́ sórí fóònù mi nígbà àkọ́kọ́ tó ń sọ pé kò tọ́, mo ti fẹ́ bínú.

Nǹkan méjì ló fi tún un ṣe. Àkọ́kọ́, nǹkan kan wà nínú JavaScript tó ń jẹ́ normalize, ó máa ń sọ gbogbo oríṣi ẹ di irú kan kí wọ́n tó fi wọ́n wéra. Ìkejì, ó kúkú ṣe kíbọ́ọ̀dù tiẹ̀ sí ìsàlẹ̀ síkíríìnì, lẹ́tà 25 ti álífábẹ́ẹ̀tì wa bí wọ́n ṣe kọ́ wa, kò sí c, kò sí q, kò sí v, x àti z, ẹ ọ ṣ wà láyè tiwọn, gb ní bọ́tìnì kan fúnra ẹ̀. Ibi tí bọ́tìnì mẹ́jọ JAMB ti padà wá rèé: ó ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wá àmì kiri bí òun ṣe ń wá máòsì, nítorí náà bọ́tìnì mẹ́ta péré ló fún àmì, dò, re, mí. Ẹ tẹ fáwẹ̀lì, ẹ tẹ ohùn ẹ̀, ó parí. Lórí kọ̀ǹpútà, 1 ni dò, 2 ni re, 3 ni mí. Mi ò tíì rí kíbọ́ọ̀dù fóònù kankan tó rọ̀ mí lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀ láti fi tẹ Yorùbá, mo sì ti gbìyànjú púpọ̀. Tí wọ́n bá ní kí n mú nǹkan kan ṣoṣo nínú géèmù yìí, kíbọ́ọ̀dù yẹn ni máa mú.

Alẹ́ tí ẹ̀gbọ́n di mẹ́rin yẹn ni alẹ́ àkọ́kọ́ tí kò ṣí CAPS kó tó sùn.

Ọ̀dọ̀ Màmá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ń gba ọ̀rọ̀. Wọ́n ní ti Wordle, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi 12,000 ló wà tó ní lẹ́tà márùn-ún, obìnrin tí Wardle ṣe é fún yẹn ló jókòó ṣà wọ́n títí tó fi ku nǹkan bíi 2,500 tí èèyàn mọ̀. Màmá ni tiwa. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀, àbúrò mi á pe ọ̀rọ̀, Màmá á ní "àwọn ọmọ ò mọ ìyẹn mọ́, ṣùgbọ́n fi sí i", wọ́n á sì kọ́ ọ ní ohun tó ń jẹ́. Ọ̀ṣọ́rọ̀. Ìgèrè. Ìdérí kò le, àgbàlá kò le, ṣùgbọ́n ọ̀ṣọ́rọ̀, mo bi oníbàárà mẹ́fà, ẹnì kan péré ló mọ̀ pé omi òjò tó ń ṣàn bọ́ láti etí òrùlé ni, Kabba ni ìyẹn sì ti wá.

Màmá náà gbá a fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n wá bínú sí i. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ni ẹyẹlé. Màmá kàwé kó tó di 1974 tí wọ́n tún àkọtọ́ ṣe, ẹiyẹ ni wọ́n ń kọ, aiye ni wọ́n ń kọ, wọ́n wá tẹ ẹiyẹlé, lẹ́tà mẹ́fà, àpótí márùn-ún. Wọ́n pè wá, wọ́n ní géèmù yìí ò mọ Yorùbá. Àbúrò mi ṣàlàyé, ó ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ báyìí nìyí, Màmá ní ta ló yọ i inú ẹyẹ, ṣé ẹyẹ yẹn bẹ̀ ẹ́ ni. Èmi wà lẹ́yìn Màmá lórí èyí o, kì í ṣe pé kó yí ìdáhùn padà, ṣùgbọ́n tí àgbàlagbà bá tẹ ti àtijọ́, kí géèmù sọ ọ́ fún wọn jẹ́jẹ́ pé ẹyẹlé la ń kọ ọ́ báyìí, kó má kàn kọ̀ wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti gbà, kò tíì ṣe é.

Nínú ṣọ́ọ̀bù mi ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ́kọ́ gbá a. Tí èèyàn bá ń dúró kí n rán zip tàbí kí n ṣẹ́ etí aṣọ, mo máa gbé fóònù lé e lọ́wọ́. Bàbá kan wà tí wọ́n máa ń gbé agbádá wá, ìyàwó wọn ló máa ń bá wọn mú àwọ̀ òwú nígbà gbogbo, mo rò pé ìfẹ́ ni. Wọ́n gbá Dòremí, wọ́n ní gbogbo àpótí yìí jọra lójú àwọn, èwo ni gíríìnì, èwo ni yẹ́lò? Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀. Mo sọ fún àbúrò mi, kó tó di ọjọ́ kejì ó ti fi àmì sí igun àpótí, gíríìnì ní róbótó dúdú, yẹ́lò ní igun mẹ́ta. Bàbá ti ń gbá a fúnra wọn báyìí, wọ́n máa ń fi èsì ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ kí n tó mú bọ́ọ̀lù òwú.

Ọmọ Hausa kan náà wà, ìyá ẹ̀ ló ń dín masa lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, Kubwa ni wọ́n bí i sí, ó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó máa ń jókòó tì mí kó máa sọ lẹ́tà tó rò. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ jẹ́ àgbàdo, ó mọ̀ ọ́n kí n tó mọ̀ ọ́n. Ó ti ní kí àbúrò mi ṣe ti Hausa, ó ní àwọn náà ní lẹ́tà tiwọn tí fóònù kì í fẹ́ẹ́ tẹ̀, ɓ, ɗ, ƙ. Àwọn kì í fi àmì ohùn sínú ìwé bíi tiwa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn wà nínú èdè wọn, nítorí náà ìlà pupa yẹn ò ní wúlò, nǹkan míì ni wọ́n máa fi rọ́pò ẹ̀. Àwọn méjèèjì ti ń kọ ọ̀rọ̀ jọ sínú ìwé.

Fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nǹkan méjì tí àbúrò mi rí nígbà tó ń to ọ̀rọ̀ rèé, ó sì ràn mí lọ́wọ́ gan-an. Tí fáwẹ̀lì bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá, àmì mí kì í wà lórí fáwẹ̀lì yẹn, dò ni tàbí re, àfi tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ àyálò bíi íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì fi àyálò sí i. u náà kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá tí a ń kọ níwèé. Nítorí náà ẹ má fi àyè ṣòfò. Lẹ́yìn ìyẹn, tí ẹ bá ti rí ọ tàbí ẹ ní gíríìnì, ẹ má tètè lọ tẹ o tàbí e, lọ́pọ̀ ìgbà wọn kì í bára gbé nínú ọ̀rọ̀ kan, àfi ọ̀rọ̀ tí wọ́n so pọ̀ bíi ẹyẹlé tó dá wàhálà sílẹ̀ yẹn. Àkàrà ni èmi fi ń bẹ̀rẹ̀, mo mọ̀ pé kò bọ́gbọ́n mu torí a mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, ìyàwó ló dáa jù.

Àwọn ibi tí kò tíì dáa. Bọ́tìnì gb wà létí pátápátá, ìtòsí èyí tí wọ́n fi ń pa nǹkan rẹ́ ló wà, ẹni tí ìka ẹ̀ tóbi á pa ọ̀rọ̀ rẹ́ nígbà tó fẹ́ tẹ gb. Iye ọjọ́ tí ẹ ti jẹ léraléra, inú búráúsà yín ló ń pa á mọ́ sí, tí ẹ bá nu dátà búráúsà nù, ó lọ nìyẹn. Ọjọ́ 23 mi lọ bẹ́ẹ̀, ó dùn mí dé ọ̀fun, ó sì yẹ kó kọ ìkìlọ̀ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ní an, in, ọn, ó ń ka n lọ́tọ̀, níbi tí wọ́n ti kọ́ wa pé fáwẹ̀lì àránmúpè kan ni, kò sì sí ibi tó ti sọ ọ́ nínú àlàyé, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń jà kí n tó mọ̀. Ọ̀rọ̀ 412 ló sì wà níbẹ̀ títí di òní, kò ju ọdún kan àti oṣù kan ààbọ̀ lọ tó máa tán, ọ̀rọ̀ tí kò bá sí nínú 412 yẹn, á ní kò sí irú ẹ̀. Kò gba ìṣẹ́jú lọ́wọ́ mi. Ìṣẹ́jú! Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń sọ lójoojúmọ́. Èyí ló ń bí mi nínú jù nínú gbogbo ẹ̀, torí ẹni tí kò dá Yorùbá ara ẹ̀ lójú tẹ́lẹ̀ á rò pé òun ló ṣì í.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn èèyàn ń sọ tí mi ò fara mọ́ rárá. Wọ́n ní kó yọ àmì kúrò kó lè rọrùn, wọ́n ní ta ló ń fi àmì kọ Yorùbá lónìí, wọ́n ní á ti ní 90 èèyàn kíákíá tó bá yọ ọ́. Àbúrò mi ti fẹ́ gbọ́ tiwọn lálẹ́ ọjọ́ kan tí èsì géèmù kò wá látọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Mo ní kó dúró. Mo rán an létí ọlọ́kọ, mo sọ ti obìnrin aláṣọ ọkọ̀ yẹn fún un, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Tí ó bá yọ àmì, igba, igbá, ìgbà àti igbà á di nǹkan kan náà, géèmù òyìnbó tó wọ aṣọ wa ló máa kù. Ẹni tó bá ní ó le, kó gbá a fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó le fún èmi náà. Ní báyìí mo ń fi àmì sí mẹ́sééjì oníbàárà mi, gbogbo ẹ̀, wọ́n ní mo ti di tíṣà.

Ọ̀fẹ́ ni, kò sí ìpolówó ọjà nínú ẹ̀, orí GitHub Pages, ibi tí èèyàn ti ń gbé ojú ewé síta tí wọn ò gbowó, ló gbé e sí. Kò jẹ dátà, tó bá ti ṣí lẹ́ẹ̀kan ẹ lè pa dátà kí ẹ máa gbá a lọ. Ó ṣiṣẹ́ lórí fóònù kékeré tí àwọn oníbàárà mi ń lò, kò fọ́, kò dì. Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, tó bá fi ìṣẹ́jú sí i tó sì gbé gb kúrò létí, á di márùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ líǹkì kó béèrè lọ́wọ́ mi. Àwọn tó ń fi èsì ránṣẹ́ ti di 61, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì kà wọ́n lábẹ́ 90 yẹn.

Títí di àárọ̀ tí mo ń kọ èyí, kò tíì sí nǹkan kan lórí CAPS. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló ń wò ó báyìí, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, á wò ó, á pa fóònù dé, á gbé láptọ́ọ̀pù. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, ó ń to ọ̀rọ̀ 60 tí Màmá kà fún un lálẹ́ àná, Màmá ti dárí jì í. Ọ̀rọ̀ tòní ku àpótí kan fún mi, ìlà keje ni mo wà. Mo bi í pé ṣé dò ni àbí re. Ó ní àǹtí mi, àpótí àkọ́kọ́ ni, kò kúkú lè jẹ́ mí.